Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Èèpo Ọta Jímọ̀

Ní gbogbo ìlú Ṣẹ́fíìdì, nílẹ̀ àwọn òyìnbó, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó mọ ìbọn tó mi. Bí wọ́n bá gbé èèpo ọta síwájú mi, ìyẹn òfìfo tó máa ń kù lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, imú ni mo máa ń fi sí. Mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ti sọ irú ìbọn tó yìn ín. Mo gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo sọ orúkọ ẹni tó yìn ín. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo sọ ọbẹ̀ tí onítọ̀hún jẹ kó tó jáde nílé, àti bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó. Ọba wọn gbọ́, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ní kó fara balẹ̀ kí n parí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ó dáa, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní Ọ̀kà, ìlú wa nílé, ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún sì ni mo fi ń tẹ̀lé àwọn ọdẹ wọgbó. Nítorí náà, ẹ má fi gírámà dá mi lẹ́jọ́. Ẹ fi etí sílẹ̀ nìkan.

Bí mo ṣe dé òkè òkun, ẹ má bi mí. Ìyàwó mi ló kú, ni Rámátù ọmọ mi bá ní òun kò ní jẹ́ kí bàbá òun máa dá gbé inú ilé bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọkọ̀ òfúrufú ni mo wọ̀ lọ, n kò gun ìgbálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbálẹ̀ ni mo fi jẹun nígbà tí mo débẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Òtútù, ẹ wọ aṣọ mẹ́ta, ó parí. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Òkè ni ìlú yẹn wà bí Ọ̀kà, títì wọn ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún mi sì mọ̀ ọ́n rìn láti kékeré. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀kà, bí ẹ bá gun òkè dé òkè, ẹ ó ti kí ogún ènìyàn, ẹ ó ti dáhùn ìbéèrè nípa ọmọ, nípa oko, nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Ní Ṣẹ́fíìdì, mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, èémí ara mi nìkan ni mo ń gbọ́.

Ara mi kò gbà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ibi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo kí òyìnbó arúgbó kan. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì, mo tún kí i. Ọjọ́ kẹta, ó sún kúrò. Mo sún tẹ̀ lé e. Kí n má parọ́ fún yín, ó tó oṣù méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, mo ti dijú nítorí òtútù, ni mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: "Ẹ kú àárọ̀." Ohùn imú ni, ó wọ́ bí ẹni tí eyín ń dùn, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ orin tó dùn tó o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yìnyín níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa nu ilẹ̀ ilé kan tí wọ́n ti ń yẹ ìbọn wò. Bí ọlọ́pàá bá rí ìbọn tàbí èèpo ọta níbi tí nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó o wá, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè sọ bóyá ìbọn yìí ló yin ọta yẹn tàbí òun kọ́.

Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n kàn fún mi ní garawa àti igi ìnulẹ̀. Mo ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ jẹ́jẹ́, ni nǹkan bá ró: gbàù! Kí ìró náà tó parí, èmi ti wà lábẹ́ tábìlì, mo ń ṣe làìláà kíkan kíkan. Obìnrin òyìnbó kan tó ti ń hewú ṣílẹ̀kùn, ó fi nǹkan bo etí méjèèjì.

Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Ogun ti dé!"

Ó fà mí dìde, ó mú mi wọlé. Àgbá irin gígùn kan ló fi hàn mí, ó kún fún omi bí ọkọ̀ ojú omi tó ti rì. Ó ní inú omi yìí ni àwọn máa ń yìnbọn sí, kí omi lè gba ọta mú láìbà á jẹ́, kí àwọn lè rí àpá tí ìbọn fi sí i lára. Mo wo omi. Mo wo obìnrin náà.

Mo ní, "Ìyáàfin, kí ni omi yìí ṣe yín?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mágírẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni àgbà nínú àwọn tó ń yẹ ìbọn wò níbẹ̀. Ó béèrè orúkọ mi. Mo ní, "Bàbá." Ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo òyìnbó ilé yẹn, ọ̀gá àti ọmọọ̀ṣẹ́, ni wọ́n ń kí mi ní Bàbá láàárọ̀. Bí ìgbà tí mo bí gbogbo wọn ni mo ṣe ń dáhùn.

Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohunkóhun. Èèpo ọta kọ̀ọ̀kan wà nínú àpò tirẹ̀, ẹni tó bá gbé e á buwọ́ lù ú, ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ á buwọ́ lù ú. Mo sọ fún Mágírẹ́ẹ̀tì pé bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìyàwó tuntun nìyẹn kó tó dé ilé ọkọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí bí ó bá sọnù lójú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹnikẹ́ni kò tún ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó pè mí síbi awò rẹ̀ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó gbé èèpo ọta méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọọ̀ṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, awò kan ṣoṣo sì kó méjèèjì pọ̀ sójú mi, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ìdí ọta ni mo ń wò, níbi tí abẹ́rẹ́ inú ìbọn ti gún un tó fi dún. Ẹ̀yin ará mi, oko ni mo rí! Àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tò lọ bí poro oko tí ọ̀nà là kọjá láàárín, tí ẹ bá dé òdìkejì ọ̀nà, poro kan náà ló tún ń bá a lọ.

"Ìbọn kan náà ló yin méjèèjì," ni Mágírẹ́ẹ̀tì wí.

Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, èmi ni mo máa ń fẹ́ ẹwìrì fún un ní Ọ̀kà. Ó máa ń ṣe abẹ́rẹ́ ìbọn fún àwọn ọdẹ, á máa fi fáìlì rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé bí òun bá rẹ́ abẹ́rẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú fáìlì kan náà, wọn kò ní jọra, nítorí fáìlì ń darúgbó bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ogójì ọdún lẹ́yìn tí a sin ín, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí ọta, ní Ṣẹ́fíìdì.

Mo sọ fún Mágírẹ́ẹ̀tì pé, "Fáìlì ọwọ́ ni wọ́n fi rẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọlọ́wọ́ òsì ló sì rẹ́ ẹ." Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wò ó, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni lóòótọ́.

Mo ti wá ilé kiri ní ìlú yẹn. Mo wá a nínú mọ́ṣáláṣí, mo wá a nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu tó ti gbẹ bí igi. Mo tilẹ̀ bú awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan lọ́jọ́ kan ní èdè Arígidi, èdè àwọn aládùúgbò Ọ̀kà, kí n kàn lè gbọ́ nǹkan ilé létí. Kò yé e, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yé èmi náà. Ibi tí n kò wá ilé dé ni mo ti rí i.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí a bá ti kírun tán, mo máa ń pe àbúrò mi, Jímọ̀. Ọdẹ ni ní Ọ̀kà, a máa tètè bínú, a sì máa tètè gbàgbé. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé bí mo bá gbé fóònù sí yàrá, màá máa gbọ́ ọ ní ìdáná.

Lọ́sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ Táíwò ló gbé dé. Ọdẹ bíi tirẹ̀ ni Táíwò. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tó máa ń fi sára ọta rẹ̀. Ẹni tó bá pa ẹran á gbé èèpo ọta rẹ̀ lé e lórí, ìyẹn ni pé ó ti di tèmi. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó rẹ̀ ni Jímọ̀ ń fi fa ìlà méjì yí ọta tirẹ̀ ká.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló ń pariwo, "Táíwò ṣí èèpo ọta mi kúrò lórí ẹtu mi! Ó gbé tirẹ̀ lé e! Níṣojú mi!"

"Jímọ̀, ẹtu ni. Fi sílẹ̀ fún un."

"Ẹtu kọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ̀sí ni. Màá fi hàn án. Ẹ jẹ́ kó rọra máa rìn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó lọ mu omi tútù. Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kì í ṣe ọjọ́ ìpè wa, fóònù mi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, Ìyá Kúdí.

"Ọkọ mi, lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà."

"Dìde, ìyàwó mi. Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni kò kú. Wọ́n yìnbọn fún Táíwò ní itan, lójú ọ̀nà oko tó lọ sí Ìfira. Kò rí ẹni tó yìn ín. Wọ́n rí èèpo ọta nínú koríko. Kútẹ́ẹ̀sì mi ni, ọkọ mi. Èyí tí mo fi kun èékánná ọdún Iléyá. Ọlọ́pàá ti mú Jímọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́."

Jímọ̀ ní òun wà nílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó rí i àfi ewúrẹ́. Gbogbo ìlú sì ti gbọ́ nígbà tó ní òun máa fi han Táíwò.

"Ọkùnrin kan wá bá mi," ni Ìyá Kúdí wí. "Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe lọ́yà, ibi tí ìyọnu bá wà ló máa ń dúró sí. Ó ní èèpo ọta kékeré ni, pé nǹkan kékeré máa ń sọnù. Bí a bá ti gbà, òun á mọ bí yóò ṣe sọnù. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà, ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."

Mo ní kó fún mi títí di ìrọ̀lẹ́.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo ń nu ibì kan ṣoṣo títí ó fi ń dán bí dígí. Mágírẹ́ẹ̀tì ní, "Bàbá, kí ló dé?" Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní àwòrán èèpo ọta náà wà lórí fóònù mi, lọ́yà tí Ìyá Kúdí gbà fún Jímọ̀ ló fi ránṣẹ́. Kó bá mi wò ó.

Ó ti fóònù padà sọ́dọ̀ mi. "N kò lè fi àwòrán búra. Kí wọ́n gbé ọta yẹn àti ìbọn àbúrò yín sábẹ́ awò kan náà, lórílẹ̀-èdè yín. Ẹ ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀."

Mo ní, "Àmì rẹ̀ ló wà lára ọta náà."

Ó ní, "Àmì yẹn ń sọ ẹni tó ní ọta. Kò sọ ìbọn tó yìn ín. Ìdí rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn." Ó wá fi ọwọ́ lé èjìká mi. "Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ọta kò mọ ẹbí. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹbí kò fẹ́ gbọ́ gan-an ló máa ń sọ. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́nu rẹ̀ mọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe Ọ̀kà. Mo ní, "Ìyá Kúdí, sọ fún ọkùnrin yẹn kó máa lọ. Èèpo ọta náà kò gbọdọ̀ sọnù. Kí lọ́yà sọ fún wọn pé àwa fúnra wa la fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n fi sínú àpò, kí gbogbo ẹni tó bá gbé e buwọ́ lù ú."

Ẹkún ló fi dáhùn. "Bó bá lọ jẹ́ pé ti Jímọ̀ ni ńkọ́? Ọkọ mi, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ojúmọ́ tó mọ́ lónìí," ni mo wí. "Mo mọ àbúrò mi."

Lọ́yà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan ní Ìkàrẹ́, tọrọ ààyè kí Jímọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?"

"Kó o tó béèrè ni mo ti gbà ọ́ gbọ́."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e lọ."

"Èmi ni."

"Ó dáa," ló wí. Ó dá fóònù padà fún lọ́yà.

Wọ́n kó ìbọn àti èèpo ọta lọ sí ilé àyẹ̀wò, ó sì gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Rámátù gún iyán, mo wò ó bí ẹni tó ń wo ère. Àní arúgbó ibi bọ́ọ̀sì fura. Ó kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò dáhùn. Ó sún mọ́ mi, ó tún kí mi. Òun ló wá ń lé mi kiri. Ibi tí mo ti mọ̀ nìyẹn pé mo ti ní ará ní ìlú yẹn, nítorí ará ni ẹni tó ń mọ̀ nígbà tí ẹ kò bá dáhùn.

Lọ́yà ló pè mí. "Bàbá, ẹ jókòó."

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un ni mo ti jókòó. Sọ ọ́."

Ó ní àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí ojú àpá méjì ní ìdí ọta kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ẹnìkan ti fi òòlù tẹ́ ẹ padà: ìbọn Jímọ̀ ló ni ín. Ti ẹ̀ẹ̀kejì gun orí rẹ̀, ó mọ́ kedere: ìbọn Jímọ̀ kọ́. Ẹlòmíràn ló ṣa èèpo ọta Jímọ̀, tó tún un kì, tó sì tún un yìn.

Ẹ gbọ́, kí ló dé tí ọdẹ kankan ní Ọ̀kà kò fi ronú kan ìyẹn? Nítorí ọta wọ́n, ọdẹ kì í sì í sọ èèpo rẹ̀ nù. Jímọ̀ ń ka tirẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń ka ọmọ kíláàsì. Ibì kan ṣoṣo ni a máa ń fi èèpo ọta sílẹ̀: níwájú ilé ọdẹ tó bá kú, nígbà tí a bá yìnbọn ẹ̀yẹ fún un. Èyí tí a yìn fún òkú, òkú ló ni ín. A kì í ṣa á. Jímọ̀ sì ti yìnbọn mẹ́ta níwájú ilé àgbà ọdẹ kan tí wọ́n sin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó yìnbọn fún Táíwò. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ rò pé ọmọ ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kó ṣa nǹkan.

Ọjọ́ kẹta tí ìròyìn náà dé ìlú, Lámidì, ọdẹ kan tí ohùn rẹ̀ kì í jáde láwùjọ, gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Ó ní òun ló ṣa á. Ó ní nǹkan rú lẹ́yìn koríko, òun rò pé ẹtu ni. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò ti sọ̀rọ̀. Ó ní ẹjọ́ alààyè kò ba òun lẹ́rù tó ẹjọ́ òkú.

Wọ́n sọ fún Táíwò lórí bẹ́ẹ̀dì. Táíwò ní, "Lámidì, ṣé o rí ìwo lórí mi ni?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń di itan mú. Ó ní kí wọ́n lọ pe Jímọ̀ wá, ọ̀rọ̀ ẹtu ìjọ́sí wà láàárín àwọn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yẹn, tí wọ́n ti tú Jímọ̀ sílẹ̀, mo pe ilé. Mo gbé fóònù sí yàrá, mo lọ jókòó sí ìdáná, mo ń gbọ́ ariwo àbúrò mi, omi sì ń bọ́ lójú mi sórí iyán Rámátù. Mo jẹ ẹ́ tán. Mágírẹ́ẹ̀tì náà, nígbà tí mo sọ fún un, gbá mi mọ́ra tòun ti igi ìnulẹ̀.

Mo ti padà sílé báyìí. Pálọ̀ Jímọ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ìyá Kúdí ti ti kútẹ́ẹ̀sì pupa mọ́ inú àpótí, àwọ̀ búlúù ni ọkọ rẹ̀ ń lò. Táíwò ń tiro díẹ̀, ó ní òtútù ló fà á. Bí mo bá gun òkè wa, mo ń kí ogún ènìyàn. Nígbà mìíràn sì rèé, láàárọ̀, mo máa ń rántí arúgbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo sì máa ń rò ó wò bóyá ó ti rí ẹlòmíràn kí.

Ó kù kí n ya òótọ́ sọ́tọ̀, nítorí Jímọ̀ á ka èyí. Ti imú, irọ́ ni, ẹ ti mọ̀. Ọba kò pè mí. Ti ọlọ́wọ́ òsì, mo fi kún un ni. Mágírẹ́ẹ̀tì kò ṣí ìwé kankan. Gbogbo ìyókù ṣẹlẹ̀, àfi ibì kan.

Mo ní ó dá mi lójú. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Kúdí, mo sọ ọ́ fún ìwọ náà, Jímọ̀, mo sì sọ ọ́ bí ẹni tó rí i. Kò dá mi lójú. Mo gbọ́ nígbà tó o ní wàá fi hàn án, n kò sì mọ̀ bóyá o ti fi hàn án. Mo ní kí wọ́n gbé ọta yẹn lọ, láìmọ ohun tó máa sọ. Ibi tí mo hùmọ̀ nìyẹn.